Ìṣísẹ̀ Mẹ́sàn-án Láti Ẹnu Kànga

Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò wa ní Sabon Tasha, ní Kaduna, pé iṣẹ́ wo ni ẹ̀gbọ́n mi Olúṣẹ̀yẹ ń ṣe, ọ̀kan á ní góòlù ló ń wá, òmíràn á ní epo rọ̀bì ni. Ìyá kan tó ń ta kókò ní ẹnu ọ̀nà wa tilẹ̀ bá mi sọ ọ́ lójú kòròkòrò pé òkú ni Ṣẹ̀yẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Kachia níbi tó kúnlẹ̀ sí, tó tẹ ojú mọ́ àpótí kékeré kan, tí kò sì mí. Mo dá a lóhùn pé ká ní òkú ló ń bá sọ̀rọ̀ ni, à bá ti bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n kó owó sí. Èmi Tómilọ́lá, ọ̀dà ni mò ń tà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, n kò sì ní sùúrù fún ìsọkúsọ.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀n. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó bá já, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, torí ilẹ̀ ló ń fà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé fífà náà kò dọ́gba níbi gbogbo. Níbi tí àpáta líle bá wà lábẹ́, ilẹ̀ á fà díẹ̀ sí i. Níbi tí ihò bá wà, tàbí tí òkúta ti jẹrà tí omi sì ti wọ inú rẹ̀, á dẹwọ́ díẹ̀. Nínú àpótí tí Ṣẹ̀yẹ ń gbé kiri, sípíríǹgì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so ìwọ̀n kékeré mọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣe fa ìwọ̀n náà tó ni sípíríǹgì náà ṣe ń nà tó, ẹ̀rọ á sì gbé nọ́ńbà rẹ̀ jáde. Ìyàtọ̀ ọ̀hún kò tó nǹkan rárá. Ẹ gbé odindi àpò ìrẹsì kan, kí ẹ gbọn eruku díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ìyẹn ni ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń rí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi kì í fi í fún ẹnikẹ́ni gbé. Nínú mọ́tò, orí itan rẹ̀ ló máa ń wà, pẹ̀lú pílò lábẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí òun lóyún.

Iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ènìyàn wá omi abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ló gbà á síṣẹ́ ní ọdún 2006. Láti ìgbà náà, kò sí òpópó tí kò kúnlẹ̀ sí ní Kaduna. Ó mọ ibi tí àpáta jókòó sí lábẹ́ ilé ìwé, ó mọ ibi tí omi sá pamọ́ sí lábẹ́ gáréèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù láti rí lábẹ́ ilẹ̀ ìlú yìí, kò lọ wá a. Ẹ̀rù ń bà á. Sàréè bàbá wa ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní ọdún 1991 tí wọ́n kú, inú ọgbà ilé wa ní Tudun Wada la sin wọ́n sí, lẹ́yìnkùlé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní rélùwéè ló fi bíríkì mọ inú sàréè náà, tí wọ́n fi kọnkéré bo orí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí, Ṣẹ̀yẹ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohun tí mo rántí kò ju bí Màmá ti máa ń ṣe ní àárọ̀ Sátidé lọ. Wọ́n á fa omi nínú kànga, wọ́n á gbé korobá karí, wọ́n á sì máa ka ìṣísẹ̀ wọn lọ síhà ibi tí oòrùn ti ń yọ: mẹ́sàn-án gééré, láti ẹnu kànga dé ibi ẹsẹ̀ Bàbá. Wọ́n á fọ kọnkéré náà mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó lé ilẹ̀, wọ́n á ro gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà fún Bàbá: ẹni tó bímọ ní ìjọ, ẹni tó jẹ wọ́n lówó, bí èmi Tómilọ́lá ṣe ya aláìgbọràn. Bàbá kò gbèjà mi lẹ́ẹ̀kan.

Ìjà dé ní oṣù kejì ọdún 2000. N kò ní ròyìn rẹ̀. Ẹni tó wà ní Kaduna nígbà náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó máa dúpẹ́. Aṣọ ọrùn wa nìkan la bá dé Sabon Tasha, ilé wa sì jóná lẹ́yìn wa. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, àwọn ènìyàn ti pín ìlú láàárín ara wọn: àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń kó lọ síbi tí Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí, àwọn Mùsùlùmí ń kó lọ síbi tiwọn. Kò sẹ́ni tó lé wa, kò sì sẹ́ni tó ní ká padà.

Ní ọdún 2002, Màmá ta ilẹ̀ náà. Ọmọ Yorùbá wo ló ń ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ sùn sí? Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ẹnu mi sì mú. Ṣẹ̀yẹ ti rí àyè wọlé sí poli, kò sì sí ohun mìíràn tó kù tí a lè tà. Èyí tó tún burú jù níbẹ̀, Màmá kò sọ fún ẹni tó ra ilẹ̀ pé òkú wà nínú rẹ̀, kí ó má baà sá lọ. Ẹni náà wó gbogbo ògiri tó jóná, ó da yangí sí i, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó kọ́ ilé tirẹ̀ lé e. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń sọ pé, "Orí bàbá mi ni mo jókòó lé tí mo fi kàwé." Kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ilẹ̀ náà nínú ilé wa. Àfi ní ọjọ́ ìsinmi kan ní ọdún 2018, tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí Màmá jókòó tí wọ́n ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lórí atẹ. Orúkọ wọn ń jẹ́ Moróunkẹ́, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n, eékún sì ti ń dà wọ́n láàmú. Wọn kò gbé ojú sókè.

"Olúṣẹ̀yẹ, tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ bàbá yín ni mo fẹ́ kí ẹ sin mí sí."

Ṣẹ̀yẹ gbé síbí ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ilé ti wà lórí rẹ̀."

"Ṣebí ìwọ lò ń wo abẹ́ ilé fún àwọn ẹlòmíràn? Bá mi wá a rí. Kí ẹ bẹ onílé, kí ẹ hú u wá síbí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń dá sùn. N kò fẹ́ dá sùn nínú ilẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn pé nǹkan ńlá ni ẹ̀rọ òun ń wá, pé sàréè kéré, pé bí ènìyàn bá rìn kọjá lásán, nọ́ńbà á máa gbọ̀n. Màmá ń ṣa ìrẹsì wọn lọ. Nígbà tó yá, ó dìde lọ jókòó sí iwájú ilé, oúnjẹ rẹ̀ sì tutù. Mo tẹ̀ lé e.

"Bọ̀dá mi, nọ́ńbà lẹ ń bẹ̀rù ni, àbí Bàbá?"

Ó ní, "Tómi, tí mo bá lọ tí n kò bá wọn níbẹ̀ ńkọ́? Ní báyìí mo ṣì lè sọ pé wọ́n wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba yẹ̀yẹ́. Ọkàn rẹ̀ fà sí Bàbá bí ọkàn ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì ti lé ní ọdún márùndínlógójì.

Àbúrò Màmá, Àǹkù Gàníyù, ló bá wa ṣí ọ̀nà. Abdulganiyu lórúkọ wọn, Mùsùlùmí ni wọ́n, ìyá kan náà ló bí àwọn àti Màmá. Wọn kò kúrò ní Tudun Wada rí, aṣọ òkìríkà ni wọ́n ń tà ní ọjà Kasuwan Barci. Wọ́n mọ onílé náà dáadáa: ọkùnrin tó ra ilẹ̀ ti kú, ìyàwó rẹ̀ Hàjíà Hàjàrá ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ náà. Àǹkù lọ bá Hàjíà, wọ́n ní kànga àtijọ́ kan wà lábẹ́ ilé rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n àwọn, ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí, ń bẹ̀rù kí ilẹ̀ ibẹ̀ má baà jìn lọ́jọ́ kan, pé ọmọ wọn ní ẹ̀rọ tó lè fi wá a láìfọ́ nǹkan kan. Hàjíà ní ká máa bọ̀.

"Àǹkù, ẹ ò sọ ti sàréè fún wọn?" ni mo bi wọ́n.

"Haba, Tómilọ́lá! Kànga ò sí níbẹ̀ ni? Irọ́ wo ni mo pa? Ká kọ́kọ́ rí ohun tí a ń wá. Tí a bá rí i, a ó wá bẹ obìnrin náà. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò tíì mọ ibi tó wà?"

Ọ̀gá Ṣẹ̀yẹ yọ̀ǹda ẹ̀rọ fún un ní ọjọ́ Sátidé kan. Màmá wọ aṣọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wọn, èyí tí wọ́n máa ń wọ lọ sí ìpàdé ńlá. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Tudun Wada, wọ́n dúró láàárín títì, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì.

"Níbo la wà?"

"Ojúlé wa ni, Màmá."

Wọ́n mi orí. Wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Òpópó tí wọ́n gbé fún ọdún méjìdínlógún, wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́, mo sì rí i bó ṣe dùn wọ́n dé egungun.

Hàjíà Hàjàrá jẹ́ obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń yára sọ̀rọ̀. "Sannunku da zuwa, ẹ wọlé, ẹ wọlé!" Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, torí àwọn Yorùbá ló ń bá ná ọjà ní Kasuwan Barci. Ilé náà yí àgbàlá kan ká: yàrá mẹ́rin lápá kan, ilé ìdáná lápá kejì, yàrá àbáwọlé tí Hausa ń pè ní zaure sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú zaure yìí ni Ṣẹ̀yẹ ti fi kálámù fa àmì sílẹ̀, tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó yí àwọn síkúrù ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi jókòó dọ́gba, tó sì ka nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ó wá bẹ Hàjíà pé kí ẹnikẹ́ni má rìn, kí ẹnikẹ́ni má gún nǹkan nínú odó, tí òun bá ti gbé ọwọ́ sókè. Hàjíà pàṣẹ. Gbogbo ilé dákẹ́ bí ẹni pé ìrun ń lọ lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlà lẹ́yìn ìlà, tó ń kúnlẹ̀, tó ń dá èémí dúró, tí èmi sì ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lójú títì, a ó dúró dè é kí ilẹ̀ tó parọ́rọ́. Ní gbogbo wákàtí, á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí zaure, á tún ibẹ̀ wọ̀n.

"Malam, ṣé o gbàgbé nǹkan ni?" ni Hàjíà bi í lẹ́ẹ̀kẹta.

"Rárá, Hàjíà. Ó máa ń rẹ sípíríǹgì inú rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Tí n kò bá padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ."

"Àní ó ń rẹ irin pàápàá," ni Hàjíà wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó tó aago mọ́kànlá kí nọ́ńbà tó yí padà. Nínú ilé ìdáná ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán: ó lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó gòkè padà. Ṣẹ̀yẹ fi ẹfun yí ibẹ̀ po. Àǹkù Gàníyù wo ògiri àwọn ará ẹ̀yìn, wọ́n wo igi dongóyárò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Kànga rè é! Níbí ni!"

"Ikon Allah!" Hàjíà fò sẹ́yìn. "Orí kànga ni mo ti ń dáná láti ọjọ́ yìí wá?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Màmá. Wọ́n ti lọ dúró sórí àmì ẹfun náà. Wọ́n kọjú síhà ìlà oòrùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹnu wọn ń mì. Ní ìṣísẹ̀ kẹsàn-án, wọ́n dúró láàárín àgbàlá, lábẹ́ okùn ìsáṣọ. Ojú wọn ń tàn.

Ṣẹ̀yẹ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Ó kà á. Ó sún un síwájú, ó sún un sẹ́yìn, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ sí zaure, ó padà wá, ó tún kà á. Ilẹ̀ le gbagidi. Kò sí ihò kankan níbẹ̀.

"Mẹ́sàn-án ni," ni Màmá wí. "Sátidé kan kò kọjá kí n má kà á. Mẹ́sàn-án ni, Ṣẹ̀yẹ. Àbí wọ́n ti gbé e jù sí ibòmíràn?"

Ẹsẹ̀ wọn ni Ṣẹ̀yẹ ń wò, sálúbàtà pẹlẹbẹ náà, eékún tó wú. Ó wá bi wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Màmá, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tí Bàbá kú?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Ẹsẹ̀ yẹn kọ́ lẹ fi ń rìn lónìí." Ó yíjú sí mi. "Tómi, ìwọ lo jogún ẹsẹ̀ wọn. Bọ́ bàtà. Hàjíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní korobá omi kan."

Ọdún mélòó ni mo ti gbé omi karí kẹ́yìn? Èmi tí mo ń ta ọ̀dà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní fáànù! Wọ́n gbé korobá kíkún lé mi lórí, omi sì kọ́kọ́ dà sí mi lọ́rùn. Màmá ń tẹ̀ lé mi láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń sọ pé, "Má sáré. Na ọrùn. Mo máa ń na ọrùn mi." Mo rìn láti orí ẹfun, mo kà á jáde. Ìkejì, ìkẹta. Mo kọjá okùn ìsáṣọ ní ìṣísẹ̀ kẹfà. Ní ìkẹjọ, ògiri yàrá kan dí mi lójú. Ìkẹsàn-án kù, inú yàrá náà ló wà.

Yàrá Hikmah ni, ìyàwó ọmọ Hàjíà. Ó ti bímọ, ọjọ́ kọkànlá rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń jókòó ìtọ́jú abiyamọ. Àǹkù sọ fún Hàjíà pé ká yẹ ibẹ̀ wò, kí ihò mìíràn má baà wà lábẹ́ rẹ̀, Hàjíà sì mú un àti ọmọ lọ sí yàrá tirẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó lè wọlé. Inú yàrá náà móoru, èédú ṣì ń jó nínú abọ́ irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí àwọn Hausa ti ń ṣe fún abiyamọ. Ṣẹ̀yẹ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó kà á. Ó sún un. Nọ́ńbà lọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Ó sún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún lọ sílẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ibi mélòó kan, lẹ́yìn náà ó gòkè nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà. Mo wo ohun tí mo kọ. Gígùn ènìyàn tó na ara sílẹ̀ ni.

Ó gbé ẹ̀rọ lọ sí zaure, ó padà wá, ó tún gbogbo rẹ̀ kà. Kò yí padà. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé sìmẹ́ńtì náà, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá." Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé tí mò ń kọ. Èmi náà ń sunkún, ìyẹn èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́.

A pe Màmá. Wọn kò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n jókòó lé ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ pa sìmẹ́ńtì bí ẹni tó ń pa ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó pẹ́ kí n tó dé. Ilẹ̀ yìí, èmi ni mo tà á. Má bínú. Olúṣẹ̀yẹ ti bí mẹ́ta. Tómilọ́lá kò tíì gbọ́ràn." Lẹ́yìn náà ohùn wọn lọ sílẹ̀, n kò gbọ́ ìyókù.

Ibẹ̀ ni Hikmah ti wọlé dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń wá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó rí àgbà obìnrin lórí ilẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí máa ń ṣe: ó kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n súre fún un. Obìnrin ni, Iman ni wọ́n sọ ọ́. Hikmah ń sọ̀rọ̀ ní Hausa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ òun lára nígbà tí òun wà ní yàrá ìkangun. Hàjíà ló ní kí òun kó wá síbí, inú yàrá yìí sì ni ọmọ ti dúró. Ó ní yàrá yìí ní ìbùkún.

Ṣẹ̀yẹ fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màmá, ṣé ká pe Hàjíà?"

Màmá ń wo ọmọ náà. Ó ti di ìka wọn mú.

"Ká pè wọ́n ká ní kí ni? Ká ní kí ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá dìde fún òkú ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n? Kí ìyá rẹ̀ má lè sùn mọ́?" Wọ́n gbé ọmọ náà padà fún Hikmah. "Ẹ palẹ̀ mọ́."

Hikmah bi Ṣẹ̀yẹ bóyá ihò wà lábẹ́ yàrá tòun náà.

"Babu," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Kò sí nǹkan kan. Kànga nìkan la rí."

Ó jẹ́ ọkùnrin tó máa ń rìn padà ní ìbùsọ̀ méjì nítorí nọ́ńbà kan tí kò dá a lójú. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa nípa ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kà nìyẹn, ó sì pa á láìgbọ̀n.

Mo bínú. Mo bínú láti Tudun Wada dé Sabon Tasha, mo sì sọ ọ́ síta nínú mọ́tò. Mo ní kí ni gbogbo wàhálà náà wà fún? Mo ní Àǹkù ì bá bẹ Hàjíà, Hàjíà ì bá gbà, a ó gbé Hikmah sí yàrá mìíràn. Màmá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Tómilọ́lá, ọjọ́ tí mo tà á ni mo ti sọ ọ́ nù. Ohun tí ènìyàn tà, ó lè lọ wò ó. Kò lè lọ gbà á."

Láti ìgbà náà, ní gbogbo oṣù, Màmá á ní àwọn fẹ́ lọ kí ọmọ Hikmah. Wọ́n á ra ọṣẹ, wọ́n á ra bisikíìtì, Ṣẹ̀yẹ á sì gbé wọn lọ. Wọ́n á jókòó nínú yàrá náà di ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi kò wọlé pẹ̀lú wọn rí, inú zaure ló máa ń jókòó sí. Mo bi í léèrè ìdí, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohun tí tọkọtaya ń bá ara wọn sọ. Bí wọ́n bá ti padà dé, Màmá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Wọ́n kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, lójú oorun. Wọ́n ti sọ ohun kan ṣáájú: kí a gbẹ́ ilẹ̀ náà kó fẹ̀ tó ẹni méjì. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ń kùn, àwọn ará ìjọ ń wo ara wọn lójú, ṣùgbọ́n Ṣẹ̀yẹ ní bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Nínú ọgbà wa ní Sabon Tasha la gbé wọn sọ̀ sí, sí apá ọ̀tún. Apá òsì ṣófo. N kò lè wo apá òsì yẹn.

A ti kọ orin tán, pásítọ̀ ti fẹ́ ju erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, nígbà tí Àǹkù Gàníyù wọlé pẹ̀lú Hàjíà Hàjàrá. Hikmah wà lẹ́yìn wọn, ó di Iman lọ́wọ́ mú. Hàjíà gbé abọ́ tánganran kan tí wọ́n fi aṣọ bò. 

"Ìyá yín wá kí ọmọ wa fún ọdún mẹ́rin," ló wí ní Hausa. "Mo gbé àga fún wọn, wọ́n kọ̀. Mo tẹ́ ẹní síbòmíràn, wọ́n kọ̀. Ilẹ̀ kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń kí ọmọ tó ń fọwọ́ pa ilẹ̀? Mo lọ bi àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n sì sọ fún mi ẹni tó wà níbẹ̀. Mo ń dúró kí ìyá yín sọ ọ́ fún mi, wọn kò sọ. Hikmah ti mọ̀, kò bẹ̀rù. Àná tí a gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a fọ́ sìmẹ́ńtì yàrá òun."

Ó ṣí aṣọ náà. Erùpẹ̀ pupa ló kún inú abọ́ náà dé ẹnu.

Ṣẹ̀yẹ na ọwọ́ gbà á. Ó dúró bẹ́ẹ̀, abọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, gbogbo èrò ń wò ó. Pásítọ̀ wúkọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ dà á."

"Ó wúwo, Tómi," ló sọ.

Kò dà á. Ó kúnlẹ̀ létí sàréè, ó ń fi ọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e sí apá òsì Màmá, títí abọ́ náà fi ṣófo. Bí bàbá wa ṣe kó wá sí Sabon Tasha nìyẹn.